Lẹ́yìn Oko Tí Kò Ní Àmì

                                                  Yàrá orí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀,
                                                  Àdúgbò Ẹlẹ́rọ̀fọ̀,
                                                  Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò àárọ̀,
                                                  Oṣù Kẹjọ.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó ka ìlà kejì, jọ̀wọ́ dìde dúró kí o sì ṣí fìlà, nítorí akọni ló ń kọ̀wé sí ọ. Ọkùnrin méje, tí gbogbo wọn sanra bí àgbá epo, ló fi mí kọ́ sára àjà bí aṣọ tí wọ́n sá. Wọ́n bu ata sí mi lójú, wọ́n ní dandan ni kí n sọ ibi tí èmi àti ìwọ ti ń pẹja. Mo pa ẹnu dé. Wọ́n yẹ ẹnu mi wò, wọn ò rí ibi tí wọn ó ti ṣí i. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Àgádágodo lo sọ mí ní kíláàsì lọ́jọ́sí, àgádágodo náà ni mo jẹ́. Di gbólóhùn yìí mú dáadáa, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara màmá rẹ le níbi iṣẹ́ tuntun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó yín lọ? Àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú èékánná jíjẹ, àbí ó ti kan ti ẹsẹ̀? Mo gbọ́ pé orí òkè pátápátá ni ilé yín wà, pé omi tó sún mọ́ yín jù ni èyí tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde. Ó mà ṣe o. Ẹni tó ti fa àrọ̀ jáde nínú ibú, òun ló wá ń wo omi nínú báàkẹ́tì. Tèmi dára, bí a bá yọ ti egbò orúnkún kúrò. Màmá mi ní kí n kí gbogbo yín, wọ́n sì ní kí n bi yín pé kúlà aláwọ̀ búlúù àwọn ńkọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá, àbúrò màmá mi tó ń gẹrun nísàlẹ̀ ilé wa. O mọ̀ ọ́n, àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ. Màmá mi ní kí n máa fi "wọ́n" pè é, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ka lẹ́tà yìí tán, ìwọ náà á gbà pé "ó" ti tó o. O mọ̀ pé bí kílípà bá ń dún, ẹnu rẹ̀ a máa dún jù ú lọ. Lẹ́nu rẹ̀, kò sí ohun tí kò ṣe rí. Ó ti wa bàálù. Ó ti bá ọ̀nì jìjàkadì, ọ̀nì ló sì tọrọ àforíjì. Kò burú, irọ́ onígbàjámọ̀ kì í pa èèyàn, abẹ rẹ̀ ló yẹ ká sá fún.

Àfi ìgbà tó rí Àǹtí Télọ̀ tó ń ránṣọ lódìkejì títì. Ìfẹ́ yẹn le débi pé àwọn oníbàárà ń fi ìdajì orí lọ sílé. Bí Àǹtí bá ti yọjú sí fèrèsé, Bọ̀ọ̀dá á gbé kílípà dúró sójú kan, á máa rẹ́rìn-ín, ẹni tó wà lórí àga á sì di apárí láìròtẹ́lẹ̀. Àǹtí náà fẹ́ràn rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n rí. Fọ́tò àwọn méjèèjì wà létí dígí ńlá inú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n fi há mọ́ igi rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há ni bàbá Àǹtí. Bàbá Dẹ́rẹ́bà là ń pè wọ́n, tírélà ni wọ́n ń wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí búrẹ́ẹ̀kì, inú omi ni wọ́n gbé e sí, láti ọjọ́ náà wọn ò mọ nǹkan mìíràn ju ẹja pípa lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì pẹ́ ládùúgbò wa, wọn ò sì mọ ibi tí ẹja ń gbé. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá lọ kí wọn, wọn ò bi í léèrè ilé tàbí iṣẹ́. Wọ́n kàn bi í bóyá ó mọ ibi tí ẹja wà. Bọ̀ọ̀dá! Ẹja kan ṣoṣo tó mú láyé rẹ̀, inú fíríìjì màmá mi ló ti mú un, kò sì tọrọ. Òun ló la ẹnu, tó ní, "Bàbá, gbogbo omi agbègbè yìí, adágún o, odò o, etí òkun o, bí ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ."

Inú Bàbá dùn. Wọ́n ní ó dáa, kó mú àwọn débẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ibi tí ẹja wà á mọ ibi tí yóò ti máa bọ́ ọmọ àwọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, tó wá parọ́ pé òun mọ̀ ọ́n, á máa parọ́ fún ọmọ náà lójoojúmọ́. O rí i pé odindi ìgbéyàwó ti wá so kọ́ ẹnu ìwọ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ sá wá. Ó ti rí wa lọ́pọ̀ ìgbà tí a gbé ẹja wọlé, ó sì mọ̀ pé ẹja kì í jábọ́ láti ojú ọ̀run. Ó bẹ̀ mí. Ó ní òun á máa gẹrun fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ títí irùngbọ̀n mi á fi hù. Mo bi í pé ṣé ẹ̀bùn nìyẹn ni àbí ìyà. Mo ní èmi àti Abẹ́rẹ́ ti búra, àti pé ibi tí a ti ń pẹja kò sí lẹ́nu mi, ó wà nínú ikùn mi, lábẹ́ oúnjẹ àárọ̀. Ó ranjú mọ́ mi, ó gbé fóònù rẹ̀, ó ní òun á wá a fúnra òun. Màmá mi ní kí n bá a gbé báàkẹ́tì. Bí mo ṣe di ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Ọkùnrin kan nínú fídíò ní ibi tí ẹyẹ bá pọ̀ sí ni ẹja wà. Bọ̀ọ̀dá gbójú sókè, ó rí agbo lékeléke, a bá tẹ̀ lé wọn. A rìn títí bàtà mi fi di ahọ́n. Ibi tí àwọn ẹyẹ náà bà sí ni ààtàn tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Bọ̀ọ̀dá dúró síwájú òkè pàǹtí pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ léjìká, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní bóyá omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó di ọjọ́ kejì, odò la lọ. Bọ̀ọ̀dá kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ sétí omi, orí afárá ló dúró sí, ó ní ẹja máa ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ga. Ó fi ìwọ̀ sẹ́yìn kó lè jù ú síwájú, lọ́rì kan sì ń kọjá, ni ìwọ̀ bá há mọ́ tapólì rẹ̀. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Bọ̀ọ̀dá di ọ̀pá mú, ó ń pariwo pé ó ti gbé e, ó ti gbé e, kí n gbé báàkẹ́tì wá. Ọmọ dáadáa ni mí, mo gbé báàkẹ́tì wá. Ó sá tẹ̀ lé ẹja rẹ̀ dé ibi iná tó ń darí ọkọ̀, ibẹ̀ ni ẹja náà ti tẹ fèrè tó sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún.

Ti etí òkun ló jù. Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe gbà á níyànjú pé kó ju ìwọ̀ síbi tí omi bá ti dúdú, nítorí pé ibẹ̀ ló jìn. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n dúdú tí Bọ̀ọ̀dá rí, òjìji ìkúùkuu ni. Bí atẹ́gùn ṣe ń ti ìkúùkuu lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé àga àti ọ̀pá tẹ̀ lé e, ó ń bínú pé irú ibú wo ni kì í jókòó síbì kan yìí. Àwọn ọmọdé tó ń ṣeré níbẹ̀ pa bọ́ọ̀lù wọn tì, wọ́n tò sẹ́yìn wa. Wọ́n rò pé eré la ń ṣe, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wa nígbà tí oòrùn là.

Sátidé ti ń kanlẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá wá lọ bẹ Ìyá Oníwọ̀, oníbàárà tèmi tìrẹ, tí wọ́n ń ta ìwọ̀, okùn àti ekòló inú agolo, tí wọ́n tún ń gbin ẹ̀fọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Àánú ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àti ọkọ wọn, wẹ́dà tó ga bí òpó iná yẹn, ti fẹ́ wọ mọ́tò lọ kí ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ní àwọn á fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sórí fóònù. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kò pẹ́ sí i tí wọ́n wọ ibi tí fóònù ò ti ń gbọ́ra. Ohun tí wọ́n kọ rèé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, láìsí àmì lórí, láìsí kiní kékeré nísàlẹ̀:

Eja nla wa leyin oko mi. Ma so fun enikeni.

Ṣé o rántí bí tíṣà Yorùbá ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi "oko" pa wá? Oko tí à ń ro, ọkọ́ tí à ń fi ro ó, ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ síbẹ̀, ọkọ tó ń retí oúnjẹ nílé. Àwa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Tíṣà ní ọjọ́ kan ń bọ̀. Ọjọ́ náà dé, orí Bọ̀ọ̀dá ló sì bà lé.

Bọ̀ọ̀dá kà á sí ọkọ̀. Ó rántí pé Ìyá Oníwọ̀ ní ọkọ̀ ojú omi kan tó ti jẹrà, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sétí adágún. Ó fi fóònù sílẹ̀ kó máa gba iná ní ṣọ́ọ̀bù, ó lọ jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ náà látàárọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wá jókòó tì í, ó wò ó títí, ó ṣàánú rẹ̀, ó lọ. Ohun kan ṣoṣo tí ìwọ̀ rẹ̀ gbé lọ́jọ́ náà ni ìdí ṣòkòtò ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí Àǹtí Télọ̀ fi wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n rán fún un dání, èyí tó máa wọ̀ lọ pẹja lọ́jọ́ Sátidé. Fóònù wà lójú táyé, ọ̀rọ̀ náà sì wà lójú fóònù. Àǹtí kà á. Abẹ́rẹ́, lójú ẹni tó ń fẹ́ni, oko kan ṣoṣo ló wà láyé, ọkọ ni. Ẹja ńlá wà lẹ́yìn ọkọ mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí ò pariwo. Wọ́n wulẹ̀ yọ sísọ́ọ̀sì lápò, wọ́n gé apá ṣẹ́ẹ̀tì náà méjèèjì kúrò ní gbọnrangandan, wọ́n fi ìyókù kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ pe bàbá wọn.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá fi ẹrẹ̀ bora dé, Bàbá Dẹ́rẹ́bà ti wà lórí àga ìgẹrun bí adájọ́. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sókè, wọ́n tún kà á. Bọ̀ọ̀dá ń ṣàlàyé pé ọkọ̀ ni, Bàbá, ọkọ̀ ojú omi. Bàbá ní kí ó gbé ẹja rẹ̀ jáde nígbà náà. Bọ̀ọ̀dá na ọwọ́, ẹrẹ̀ ló ń kán níbẹ̀.

Bàbá ní, "Mo ti wakọ̀ títí mo fi darúgbó. Kò sí ẹja kan tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi rí. Ọlọ́pàá ló máa ń wà níbẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá ní ó lè jẹ́ oko, oko ẹ̀fọ́ obìnrin náà. Bàbá ní àwọn ti kọjá níbẹ̀, igbó ẹlẹ́gùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àfi bí ẹja ìlú yìí bá ń gun igi. Wọ́n bọ́ awò ojú. Wọ́n ní kì í ṣe ẹja ló ń dun àwọn mọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọmọ fún ẹni tí obìnrin ẹlòmíì ń kọ irú èyí sí, pé bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, Àǹtí ń lọ bá ẹ̀gbọ́n àwọn ní ìlú kejì, ibẹ̀ náà lè lo télọ̀. Àǹtí ò wo Bọ̀ọ̀dá. Inú dígí ni wọ́n ń wò. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n yọ fọ́tò yẹn kúrò létí rẹ̀.

Mo ń retí kí Bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀. Mo ti múra ẹ̀rín sílẹ̀. Abẹ́rẹ́, ọkùnrin náà dákẹ́. Ẹni tó ti bá ọ̀nì jìjàkadì. Ó mú kílípà, ó tàn án, kò fi gẹ nǹkan kan, ó kàn dì í mú kó máa dún, bí ẹni pé ohun kan gbọ́dọ̀ máa dún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ìwọ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Láti ìgbà tí mo ti kọ "oko" sílẹ̀ lo ti ń di orí rẹ mú.

Mo ní, "Oko ni, Bàbá. Omi wà lẹ́yìn igbó ẹlẹ́gùn-ún yẹn. Odò ló ṣẹ́ kọ́nà síbẹ̀."

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní, "Ẹja ibẹ̀."

Oòrùn ò tíì wọ̀, gbogbo wa bá kọrí síbẹ̀. O mọ ihò abẹ́ ẹ̀gún yẹn, tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ rákòrò. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ní àwọn ò ní fi ojú wọ ibi tí àwọn ò mọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n fi wọlé, bíi tírélà. Èmi ni mo di ọmọ mọ́tò. Mò ń pariwo, "Ọ̀tún díẹ̀, Bàbá, ẹ yí i, ẹ máa bọ̀," títí ìdí wọn fi yọ sí odò. Wọ́n yí padà, wọ́n rí omi tó dúró jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi. Wọ́n rí búlọ́ọ̀kù méjì tí a gbé síbẹ̀, wọ́n sì jókòó. Orí tìrẹ ni wọ́n jókòó sí. Mo rí i dájú pé kì í ṣe tèmi.

Ìwọ̀ wọn ò tíì tutù tán tí àrọ̀ fi fà á. Irùngbọ̀n ẹja náà gùn ju ti ọ̀gá ilé-ìwé wa lọ, ojú rẹ̀ sì dára jù. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dì mọ́ igi, kò pẹ́ tí wọ́n fi dì mọ́ Bọ̀ọ̀dá tẹrẹ̀tẹrẹ̀. Ẹnu Bọ̀ọ̀dá là padà lẹ́ṣẹ̀kẹṣẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé mo sọ fún yín àbí mi ò sọ?" À bá ti jẹ́ kó máa di kílípà yẹn mú lọ.

Ṣẹ́ẹ̀tì ti lápá padà báyìí. Àǹtí mọ̀ọ́mọ̀ rán apá kan gùn ju èkejì lọ, wọ́n ní kí ó lè máa rántí láti kàwé dé ìparí. Nígbà tí Ìyá Oníwọ̀ dé tí wọ́n gbọ́, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú fún ẹ̀rín. Ọkọ wọn ní kì í ṣe àkọ́kọ́, pé ọjọ́ kan wà tí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òun láti ọjà pé "mo fe ra oko tuntun". Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí obìnrin náà fi gbé ọkọ́ léjìká wọlé. Gbọ́ èyí tó burú jù: Ìyá Oníwọ̀ ti mọ ibi tí à ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àárín ebè ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti ń wò wá bí a ṣe ń yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí olè, tí ìwọ ń fọwọ́ bo ẹnu fún mi. Wọ́n ní gbogbo ẹ̀fọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ tẹ̀ ń dúró dè ọ́.

Bá mi kí màmá rẹ, kí o bá mi gbá àbúrò rẹ lórí fẹ́ẹ́rẹ́. Bọ̀ọ̀dá kí ọ. Ó ní òun á fi ọ̀nà hàn ọ́ bí o bá dé.

Ó wá ku gbólóhùn tí mo ní kí o dì mú. Àwọn ọkùnrin méje yẹn, irọ́ ni. Ata, irọ́ ni. Mi ò gun àjà kankan rí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó bi mí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Èmi fúnra mi ni mo la ẹnu. Egbò orúnkún mi nìkan ni òtítọ́ inú rẹ̀, ẹ̀gún ibẹ̀ ló ṣe é. Èèyàn méje ì bá rọrùn, mo lè pa ẹnu dé fún èèyàn méje. Ìdákẹ́jẹ́ Bọ̀ọ̀dá ni mi ò lè gbà mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ihò abẹ́ gbòǹgbò lódìkejì omi, tí ọwọ́ rẹ tín-ín-rín wọ̀ tí tèmi ò wọ̀, tí àgbà ẹja yẹn ti já okùn wa lọ, mi ò sọ ọ́. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Bí o bá fẹ́ gba orúkọ tí o sọ mí padà, mi ò ní jà, àmọ́ ibẹ̀ ni wàá ti wá gbà á lọ́wọ́ mi. Mú ìwọ̀ dání.

Èmi ni, tìrẹ náà ni, títí wàá fi dé,

Àgádágodo